Bí Igi Bá Wó Lu Ilé
Àsọyé fún àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò tí ì rí igi tí ìjì wó. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó jìnnà sí wa. Ọ̀rọ̀ agbo ilé àti ẹ̀yìnkùlé ni: kí ni ó yẹ kí a ṣe nígbà tí ìjì bá gbé igi lu ilé wa, tàbí tí ó dí ẹnu ọ̀nà wa pa, tí ẹ̀rù sì ń bà wá, tí olúkúlùkù sì ń kígbe?

Àwa ará ìhín kì í ṣe ọ̀tá igi. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún wa pé ní ìdí igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá ọdẹ tẹ̀dó sí, kí ibẹ̀ tó di ìlú. Ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, ta ni kò mọ iyì òjìji igi ọdán ní ẹnu ọ̀nà agbo ilé, níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò, tí wọ́n sì ti ń parí ìjà? Mángòrò, kajú, ìyeyè àti dóńgóyárò wà ní àyíká wa nítorí pé àwọn tí ó gbìn wọ́n rò ire sí wa. Nítorí náà n kò wá láti wí pé kí a gé gbogbo igi lulẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyí: ìjì a máa ṣe ìpalára ní ìgbà àkọ́kọ́, ìkánjú wa lẹ́yìn ìjì a sì máa ṣe é ní ìgbà kejì. Ti àkọ́kọ́ kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní ìkáwọ́ wa pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí igi fi ń wó. Ní ilẹ̀ wa, ìjì líle a máa dé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù March títí di May, a sì tún máa dé nígbà tí òjò bá ń parí lọ, ní September àti October. Láti ìhà ìlà-oòrùn ni ó sábà máa ń wá. Ojú ọ̀run a ṣú, afẹ́fẹ́ a dákẹ́ jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ìjì a bẹ́ sílẹ̀ lójijì kí òjò tó tẹ̀ lé e. Igi tí ewé rẹ̀ pọ̀ dàbí ẹni tí ó na agbádá sí afẹ́fẹ́: bí orí rẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ní láti di ilẹ̀ mú tó. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ tí ilẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀, gbòǹgbò kò rí ohun dì mú mọ́. Bí a bá ti gé gbòǹgbò ní apá kan nítorí gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ ilé, ẹsẹ̀ kan ni igi náà fi dúró. Bí ikán bá sì ti jẹ inú rẹ̀, tàbí bí iná tí a ń dá ní ìdí rẹ̀ bá ti sun ún, èèpo nìkan ni ó kù tí ó ń tàn wá jẹ.

Ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù October, ọdún 1987, ìjì kan jà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi tí ó wó ni a ṣírò sí nǹkan bí mílíọ̀nù 15, ènìyàn 18 sì kú ní ilẹ̀ náà. Ewé ṣì wà lórí igi nígbà náà, ilẹ̀ sì ti mu omi yó. Ohun méjèèjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni ó pàdé ara wọn. Ní ìtòsí wa níhìn-ín ńkọ́? Ní ọjọ́ 24 oṣù May, ọdún 2023, àràbà ńlá tí ó dúró ní àárín ìlú Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, wó nínú ìjì òjò. Ó ga tó nǹkan bí mítà 70, a sì gbà pé ó ti tó 400 ọdún. Ìtàn sọ pé ní ìdí rẹ̀ ni àwọn tí a dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú pé jọ sí ní 1792. Nígbà tí a gbé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822, igi náà ti wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá a máa wí pé, “Àràbà kò wó mọ́, ojú ti ìrókò.” Ṣùgbọ́n àràbà Freetown wó. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá lè wó ní òru ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka mángòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sí ohun tí kò lè ṣubú láéláé.

Ó dára. Igi ti wó. Kí ni kí a ṣe?

Èkínní, ènìyàn ṣáájú ohun ìní. Kí àgbà kan nínú ilé pe orúkọ gbogbo ènìyàn, ọmọdé àti arúgbó, àlejò pẹ̀lú, títí yóò fi mọ ẹni tí ó dáhùn àti ẹni tí kò dáhùn. Kí gbogbo ẹni tí ó lè rìn gba ọ̀nà tí ó jìnnà sí igi náà jáde, kí wọ́n má sì lọ sá òjò lábẹ́ igi mìíràn, nítorí pé ìjì tí ó wó ọ̀kan lè wó èkejì. Púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a fi amọ̀ mọ. Ògiri amọ̀ tí igi ti kọlù, tí páànù orí rẹ̀ ti ṣí, tí òjò sì ń rọ̀ sí, lè dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan, kí ó tó wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà wọ inú yàrá lọ nítorí àpótí aṣọ tàbí nítorí owó tí ó fi pamọ́. Bí òórùn gáàsì bá ń jáde láti ilé ìdáná, kí a má ṣe ṣá ìṣáná, kí a má ṣe tan iná, kí olúkúlùkù kúrò níbẹ̀ ni.

Èkejì, wáyà iná. Èyí ni ó lè pa ẹni tí igi kò pa. Igi tí ó wó sí ẹ̀gbẹ́ títì kì í sábà wó òun nìkan. A máa fa wáyà lulẹ̀, nígbà mìíràn a máa fa òpó pẹ̀lú. Wáyà tí ó ń wọ inú ilé wa ní agbára bí fólítì 240, èyí sì tó láti pa ènìyàn. Èyí tí ó wà lórí òpó gíga ní ojú títì lè jẹ́ fólítì 11,000 tàbí 33,000. Igi tútù, ilẹ̀ tútù, ọgbà onírin àti páànù, gbogbo wọn ni iná lè gbà kọjá. Nítorí náà kí a jìnnà tó mítà 10, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìṣísẹ̀ 15, sí wáyà tí ó bọ́ sílẹ̀ àti sí igi tí ó fi ara kan wáyà náà. Bí ẹnì kan bá ṣàkíyèsí pé òun ti wà nítòsí wáyà, kí ó má ṣe sáré. Iná tí ó wọ inú ilẹ̀ a máa lágbára ní ìtòsí wáyà, a sì máa dínkù bí a ti ń jìnnà. Nítorí náà ẹsẹ̀ méjì tí ó ya kúrò lára ara wọn a di ọ̀nà tí iná lè gbà inú ara kọjá. Kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó máa wọ́ wọn nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jìnnà.

Àwọn kan yóò wí pé, “NEPA ti mú iná lọ, kò sí ewu.” Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí léwu púpọ̀. NEPA fúnra rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù November, ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ IBEDC ni ó ń pín iná ní agbègbè wa. Ẹni tí ó ń tan iná ní ibùdó wọn kò lè mọ̀ pé wáyà kan wà nílẹ̀ ní àdúgbò yín bí kò bá ṣe pé ẹnì kan sọ fún un. Ó sì lè dá iná padà nígbàkúgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, bí a kò bá so ó dáradára, lè rán iná padà sí orí wáyà títì. Wáyà tí ó wà nílẹ̀, ẹ kà á sí pé iná wà nínú rẹ̀ títí òṣìṣẹ́ iná yóò fi dé, tí yóò sì wí fún yín pé òun ti pa á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀pá gbé e kúrò lọ́nà, ìbáà jẹ́ ọ̀pá gbígbẹ, ìbáà sì wọ bàtà rọ́bà. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà. 615 ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ kọ méjèèjì sí ara ògiri níbi tí ọmọdé lè kà á, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì iná tí ó súnmọ́ yín tì wọ́n.

Èkẹta, ẹni tí igi dì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá dájú pé kò sí wáyà lára igi náà, kí a súnmọ́ ọn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹ má ṣe fa á ní apá tàbí ní ẹsẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí ìtì pákó gbé igi náà ró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó má bàa yí tàbí kí ó tẹ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gidigidi, ẹ má sì ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kí ẹnì kan jókòó ní ìhà orí rẹ̀, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ó yí ọrùn. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì lè gbé igi náà sókè gan-an láìyí i, kí wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti tẹ itan tàbí ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó dára jù lọ kí oníṣègùn wà níbẹ̀ kí a tó gbé e kúrò. Nítorí pé májèlé ti kó jọ nínú ẹran ara tí ó fọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn níbẹ̀, a lè gbé májèlé náà lọ sí ọkàn àti kíndìnrín. Ẹni tí igi bá lù ní orí tàbí ní àyà, bí ó tilẹ̀ wí pé kò sí nǹkan tí ó ṣe òun, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907 wà síbẹ̀ títí di òní, ó sì ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen. Kí a má ṣe máa fi àgbo àti ìsinmi dán irú ìpalára bẹ́ẹ̀ wò.

Èkẹrin, igi fúnra rẹ̀. Níhìn-ín ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fi etí sílẹ̀ jù lọ, nítorí pé níhìn-ín ni àwọn akíkanjú ọ̀dọ́ ti ń ṣèṣe. Igi tí ó dùbúlẹ̀ kò tí ì sinmi. Ẹ̀ka tí ó tẹ̀ sábẹ́ ìtì igi dàbí tàkúté tí a ti dẹ sílẹ̀. Ní apá kan rẹ̀, igi ń na. Ní apá kejì, ó ń fún pọ̀. Ẹni tí ó bá gbé àdá tàbí ayùn lé apá tí ó ń na lójijì, ẹ̀ka náà yóò ta padà, yóò sì gbá a ní ojú tàbí ní àyà kí ó tó lè yẹra. Ẹni tí ó bá sì gé apá tí ó ń fún pọ̀, igi yóò há ayùn rẹ̀ mọ́ inú.

Gbòǹgbò tún ń kọ́? Nígbà tí igi bá hú láti ìdí, ilẹ̀ a gbé sókè pẹ̀lú gbòǹgbò bí ògiri, ihò a sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa wọ inú ihò náà ṣeré. Ẹ gbọ́: ìtì igi tí ó gùn ni ó fi ìwúwo rẹ̀ di gbòǹgbò yẹn mú sókè. Ní ìṣẹ́jú tí a bá gé ìtì náà kúrò, gbòǹgbò àti ilẹ̀ ara rẹ̀ lè padà sínú ihò náà bí ìdérí àpótí, ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò ní jáde mọ́. Kí a lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀ kí a tó gbé irinṣẹ́ kankan.

Ẹ wo ìwúwo igi pẹ̀lú. Ìtì igi tútù tí ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, wúwo tó nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 15. Ta ni yóò fi ọwọ́ dá a dúró nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí yí? Ẹ̀rọ ìgégi tí ń lo epo sì ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé ìlò àti ìbòjú ààbò ti ń bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé ìtajà, a ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 36,000 ni ẹ̀rọ náà ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dọọdún. Nítorí náà ẹ má ṣe yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí ẹ wá kọ́ ìlò rẹ̀ lórí òrùlé ilé yín. Ẹni tí kì í ṣe agégi, kí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: ẹ̀ka tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, tí ó wà nílẹ̀ ní òmìnira, tí kò tẹ̀, tí kò sì gbé nǹkan, èyí ni kí ó gé, kí ó sì dúró sórí ilẹ̀ gé e. Igi tí ó wà lórí ilé, èyí tí ó fara ti igi mìíràn, àti èyí tí ó hú pẹ̀lú gbòǹgbò, iṣẹ́ agégi tí ó mọṣẹ́ ni.

Àwọn baba wa ti fi ètò iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa nínú òwe: bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé kúrò. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá ń parí ìjà, a sì ti gbàgbé pé òtítọ́ ni nípa igi pẹ̀lú. Kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀ka kéékèèké tí ó wà lókè kúrò, kí ìwúwo lè dínkù. Lẹ́yìn náà kí a máa bọ̀ láti ṣóńṣó sí ìdí, ní ègé kúkúrú kúkúrú. Èyí tí ó wà lórí òrùlé, kí a fi okùn dè é kí a tó gé e, kí a sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó já wọ inú ilé, yóò ba ohun tí ìjì fi sílẹ̀ jẹ́. Nígbà tí òrùlé bá ti bọ́ lọ́wọ́ igi, kí a ta tapólì bo ojú ibi tí ó ṣí ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé òjò kejì ni ó ń wó ògiri amọ̀.

Mo mọ̀ pé àwa a máa fẹ́ràn ọ̀wẹ̀, ohun rere sì ni. Bí igi bá wó ní agbo ilé kan, ogún ọkùnrin lè dé pẹ̀lú àdá àti àáké kí a tó ké sí wọn. Ṣùgbọ́n ogún àdá láìsí olórí, ogún ewu ni. Kí baálé ilé yan ẹnì kan, kí ó jẹ́ pé ohùn ẹni náà nìkan ni a óò gbọ́. Bí ó bá wí pé kí a dúró, kí gbogbo ọwọ́ dúró. Kí àwọn tí ó ń gé jìnnà sí ara wọn. Kí àwọn ìyá wa tí ó fẹ́ igi ìdáná, àti àwọn ọmọ tí ó fẹ́ mángòrò, dúró lẹ́yìn okùn tí a ta, títí iṣẹ́ yóò fi parí. Igi ìdáná kò ní tán ní ọjọ́ kan.

Kí a tún sọ̀rọ̀ owó àti ìjà. Kí agégi tó gbé ayùn, kí a ti fi ẹnu kò lórí iye owó, lórí ẹni tí yóò kó ẹ̀ka lọ, lórí ẹni tí yóò ni ìtì igi, àti lórí ohun tí a óò ṣe bí ògiri bá bàjẹ́ sí i. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ẹlẹ́rìí. Ìtì igi lè ní iye lórí: igi ọmọ̀ ni àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ìlù, agbẹ́gilére Ọ̀yọ́ kò sì ní kọ̀ ọ́. Bí igi bá jẹ́ ti aládùúgbò, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti wó kí a tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sanwó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ní iwájú àwọn àgbà àdúgbò. Nígbà tí igi ṣì wà lórí ilé, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ jẹ́ “ta ni ó ni ín?” Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ni “ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀?”

Ní ìparí, ó sàn kí a ṣọ́ igi nígbà tí ó ṣì dúró. Ní oṣù February lọ́dọọdún, kí ìjì tó dé, kí baálé ilé yí igi àyíká rẹ̀ ká. Ǹjẹ́ olú ń hù ní ìdí rẹ̀? Ǹjẹ́ ó ń dún bí ìlù nígbà tí a bá fi ẹ̀yìn àáké lù ú? Ǹjẹ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti sán ní apá kan? Ǹjẹ́ ó tẹ̀ ju bí ó ti tẹ̀ ní èṣí? Ǹjẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ wà lókè ibi tí àwọn ọmọ ń sùn? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a pe ẹni tí ó mọ igi wá. Owó tí a bá ná ní February kò lè tó èyí tí a óò ná ní April.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti sọ ohun tí a rán mi. Ka àwọn ènìyàn. Yẹra fún wáyà. Ké sí àwọn tí ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Tọ́jú ẹni tí ó fara pa. Wo igi náà dáradára. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí o tó béèrè àdá. Igi tí ó ti wó kò ní sá lọ. Yóò wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí òjò ti dá, tí a sì ti pa iná. Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ ni pé kí gbogbo wa pẹ̀lú wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ náà láti rí i.